Ọ̀dọ́ Olùwádìí nínú Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù: Iṣẹ́ Ọdún Púpọ̀, Owó Ọdún Méjì

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìwádìí nínú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Ọ̀rọ̀ ìṣírí ni wọ́n sábà máa ń sọ ní irú ìjókòó yìí. Èmi ó fi ìṣírò ọjọ́ ṣíwájú.

Ẹni tó bá fẹ́ ka fíìkì (ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù) tàbí tàfúsíìrì (ìtumọ̀ Àlùkùránì) láti orísun gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Lárúbáwá, kì í ṣe èyí tí a fi ń kíra, ti inú ìwé ni. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá kan ìjọba Ottoman, èdè Tọ́kì àtijọ́ ń dúró dè é; bó bá kan àwọn Súfì ilẹ̀ Íráànì, èdè Páṣíà ni. Lẹ́yìn èyí, Jámánì àti Faransé, nítorí púpọ̀ nínú ìwádìí àwọn aṣáájú wà ní èdè méjèèjì. Owó tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé ńkọ́? Ọdún kan, ọdún méjì, bóyá mẹ́ta. Kó tó mọ inú ilé ìkówèésí dáadáa, ó ti tún ń kọ ìwé ìwáṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wa kì í yá. Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ẹ̀dà kejì Encyclopaedia of Islam, ìwé ńlá tó kó ìmọ̀ nípa Ìsìláàmù jọ, jáde ní 1960. Ó di 2005 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Fuat Sezgin, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn ìwé Lárúbáwá rẹ̀ jáde ní 1967. Nígbà tó kú ní 2018, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀dọ́ a máa rí ohun tí ọ̀pọ̀ ojú ti fò. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí Alphonse Mingana kó jọ ní àwọn ọdún 1920, tó wà ní Yunifásítì Birmingham, ewé awọ méjì wà tí wọ́n dì mọ́ ewé Àlùkùránì mìíràn. Alba Fedeli, tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́, ló fara balẹ̀ wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà, tó rí i pé méjèèjì kò bá ìyókù tan. Wọ́n gbé awọ náà fún àyẹ̀wò kábọ̀n, èyí tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan àtijọ́, ní Oxford. Èsì tí wọ́n kéde ní 2015 fi ọjọ́ orí rẹ̀ sáàárín ọdún 568 sí 645, ariwo sì gba ayé kan, nítorí ó kan àsìkò tí Ànábì Muhammad gbé láyé. Ohun tí ariwo náà bò mọ́lẹ̀ ni pé awọ ni wọ́n yẹ̀ wò. Kábọ̀n kò sọ ọjọ́ tí tàdáwà kàn án.

Ẹ wò ó, ojú èèyàn ló kọ́kọ́ rí i kí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Nínú ìwé ayé ìgbà yẹn, àmì tóótòòtó kì í pọ̀ lórí lẹ́tà, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà Lárúbáwá bíi bá, tá àti núnù lè jọra láàárín ọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ sí àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi ìwákiri inú al-Maktaba al-Shamila, ilé ìkówèésí orí kọ̀ǹpútà, nìkan kọ: hádíìsì mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, láìka orí ìwé tí ọ̀kan nínú wọn ti wá.

Ìfura tún ń bẹ lọ́tùn-ún lósì. Ní yunifásítì, wọ́n ń rò pé wàásù lo fẹ́ ṣe. Ní mọ́sálásí, wọ́n ń bi ọ́ pé ta ló rán ọ níṣẹ́ iyèméjì. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà kò bọ́, wọ́n á ní kí ló kàn án. Má ṣe bá wọn jà. Ṣàlàyé bí o ṣe mọ ohun tí o sọ, kí o sì fi ojú ewé hàn wọ́n.

Ní tèmi, kí ọ̀dọ́ mú ìwé àfọwọ́kọ kékeré kan tí ẹ̀dà rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, kí ó fi wọ́n wéra ní ìlà dé ìlà lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ kì í sábà ka irú iṣẹ́ yìí sí bàbàrà, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà ni wọ́n ń béèrè. Ó dára, yọ àpilẹ̀kọ méjì jáde láti inú rẹ̀: ọ̀kan lórí ẹni tó da ìwé náà kọ, èkejì lórí ibi tí àwọn ẹ̀dà ti yàtọ̀ síra. Kí o sì béèrè fún àwòrán ìwé náà kí owó tó wọlé, nítorí ilé ìkówèésí mìíràn lè pẹ́ gan-an kó tó dáhùn.