Bí Awakọ̀ Tuntun Ṣe Lè Parí Ẹ̀kọ́ Ìwakọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Kí Ó sì Wúlò Fún Un Lójú Pópó

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀, tí ẹ sì fẹ́ kọ́ òfin ojú pópó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jókòó sídìí sítíárìn, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé yín yékéyéké ni pé bí ẹ ṣe parí ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe tètè parí rẹ̀ lọ, nítorí ohun tó bá ti dúró ṣinṣin lọ́pọlọ yín ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín máa rí lò nígbà tí ọmọdé kan bá ṣàdédé já sí iwájú ọkọ̀ yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ lọ sórí ìkànnì àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbi tí ẹ ń gbé, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ lò wà lára àwọn tí àjọ náà fọwọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń polówó ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣe é gbà. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ yín gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ yín, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ lè mú kí wọ́n dá yín padà lẹ́yìn gbogbo wàhálà.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ máa rí aago kan lójú ìwé púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Níbi tí òfin bá ti sọ iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lò, bọ́tìnnì tó ń gbé ni lọ sí ojú ìwé tó kàn kì í ṣí títí àkókò yóò fi pé. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án fún ìgbà pípẹ́, ó lè tì yín síta. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún máa ń béèrè ìbéèrè lójijì láti mọ̀ bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ jókòó síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń ṣí ojú ìwé náà sílẹ̀, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ó dùn mí gidigidi nígbà tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àkókò tí aago náà ń kà ló yẹ kí ènìyàn fi pa ìwé dé, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ kan dán an wò, ìyẹn bí ọkọ̀ ṣe ń dúró. Ẹ wo ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán yìí. Ó ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gba awakọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ rí ewu títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan bíréèkì, ọkọ̀ náà ti rin bíi mítà 21 láìtíì dẹ eré rárá. Ìgbà náà ni bíréèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ilẹ̀ bá sì gbẹ, tí táyà dára, yóò tún tó mítà 14 kí ọkọ̀ tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 35. Wàyí o, ẹ sọ eré náà di 100. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní mítà 70 ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọkọ̀ rìn kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì di ìlọ́po méjì, ìyẹn mítà 42. Èyí tí bíréèkì gbà di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn mítà 56, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kú di ìlọ́po mẹ́rin. Mítà 98 nìyẹn, òjò kò sì tíì rọ̀. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín, lẹ́yìn náà kí ẹ jáde lọ sí pápá gbalasa kan, kí ẹ fi ẹsẹ̀ wọn mítà 35 yìí, kí ojú yín lè mọ bó ṣe gùn tó.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ láti fi ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá méjì sílẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ iwájú. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ẹ bá dé ìdí òpó náà kí ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin. Fóònù náà kò yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí: ẹni tó ń sá eré 90 kìlómítà ní wákàtí kan, tó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ka àtẹ̀jíṣẹ́, ti rin 100 mítà láìríran.

Ní ti àwọn àmì ojú pópó, ẹ fi ìrísí wọn mọ̀ wọ́n kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ara wọn mọ̀ wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àmì tó ní igun mẹ́jọ ń pàṣẹ pé kí ọkọ̀ dúró, èyí tó ní igun mẹ́ta tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sílẹ̀ sì ń ní kí ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí eruku tilẹ̀ bo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ ó ṣì mọ ohun tó ń wí.

Bí ẹ bá gba ìbéèrè kan kùnà nínú ìdánwò orí kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe há ìdáhùn náà sórí lásán. Ẹ padà síbi tí ó ti wá. Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, ẹ gba ìwé ẹ̀rí yín sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí kò ní wúlò mọ́, bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀. Ó kù kí ẹ gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ wá ẹni tí òfin gbà láàyè láti jókòó tì yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ní eré jẹ́jẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì náà léraléra títí ẹ ó fi mọ ibi tí ọkọ̀ yín ń dúró sí.