Òwú, Owó àti Harlem: Àwọn Tí Ossie Davis Jẹ́ Kí A Rí

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Fíìmù tí a ó yẹ̀ wò lónìí ni Cotton Comes to Harlem, eré apanilẹ́rìn-ín nípa olè jíjà tí Ossie Davis darí ní ọdún 1970. Inú ìwé Chester Himes ni wọ́n ti mú ìtàn náà, àdúgbò Harlem ní New York gan-an ni wọ́n sì ti yà á.

Oníwàásù kan tí ń jẹ́ Deke O'Malley gba 87,000 dọ́là lọ́wọ́ àwọn mẹ̀kúnnù, ó ní òun yóò fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn padà sí Áfíríkà. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Harlem, nítorí pé láti ọdún 1919 ni Marcus Garvey, aṣáájú tó ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú padà sí Áfíríkà, ti gbé iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Black Star Line dìde. Àwọn adigunjalè wá kó owó náà lọ, inú ìdì òwú kan ni owó sì wà nígbà tí ìdì náà já bọ́ lára ọkọ̀ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí òwú yẹn. Oko òwú ni wọ́n ti fi àwọn baba ńlá àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣẹrú, inú òwú náà ni owó òógùn ojú àwọn ọmọ wọn tún há sí.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Hollywood tó ṣáájú, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, òun nìkan ni yóò sì ru orúkọ gbogbo ìran rẹ̀ lórí, tí ó fi jẹ́ pé bí kò bá jẹ́ ẹni mímọ́, aláwàdà ni wọn yóò sọ ọ́ dà. Davis sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Dúdú ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjèèjì tí Godfrey Cambridge àti Raymond St. Jacques ṣe, dúdú ni gbájúẹ̀, dúdú ni àwọn tí ó lù ní jìbìtì, dúdú sì ni Uncle Bud, baba akópàǹtírí tí Redd Foxx ṣe. Nítorí náà, bí Deke bá ń purọ́, ìran dúdú kọ́ ni ó ń purọ́, Deke ni.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin dùn mí. Iris, olólùfẹ́ Deke tí Judy Pace ṣe, gbọ́n ju ọlọ́pàá funfun tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ lọ, ṣùgbọ́n ẹwà ara rẹ̀ nìkan ni irinṣẹ́ tí fíìmù náà fi lé e lọ́wọ́. A kò rí Áfíríkà náà ju fìrí kan lọ: Uncle Bud ni ó rí owó náà, ó sì kó o lọ jayé ní Ghana.

Davis alára kò fi Áfíríkà mọ sí fìrí. Nàìjíríà ni ó wá láti darí fíìmù Kongi's Harvest, tí òun náà jáde ní ọdún 1970, tí Wọlé Ṣóyínká tó kọ eré náà fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi, olórí apàṣẹwàá, nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ fíìmù Third World Cinema sílẹ̀ ní New York, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, iṣẹ́ tí kì í hàn sí òǹwòran rárá.