Ẹ Jẹ́ Kí Ìrànwọ́ Bá Wọn Dé Ẹnu Iṣẹ́

Iwájú àwọn agbanisíṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìsàlẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Lára ìwé ìpè, wọ́n ní òfin ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí. A óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ telọ kan ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin ni. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣeé gbára lé. Ó lo ọdún mẹ́ta ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú wọn. Ó mọ aṣọ gé, ó mọ bùbá rán, ṣòkòtò ọkùnrin gan-an kò bá a lẹ́rù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí, olóṣèlú kan gbé máṣíìnì tuntun fún un, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan ni wọ́n gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ fún! Nígbà tí mo fi máa dé ilé wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ti fi aṣọ bo máṣíìnì náà, tẹlifíṣọ̀n ló wà lórí rẹ̀.

Ta ló bá wọn tú u? Ọkùnrin kan tó ń tún máṣíìnì ṣe lọ́jà ni. Ó yọ okùn tó so orí máṣíìnì mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó de ọwọ́ irin mọ́ wíìlì tó wà lápá ọ̀tún, ó sì gé ẹsẹ̀ tábìlì náà kúrú kí obìnrin yìí lè jókòó tì í dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ọwọ́ òsì ń darí aṣọ. Iṣẹ́ náà kò gbà tó wákàtí kan. Owó tí ọkùnrin náà gbà kò tó owó ìrẹsì ọjọ́ àpèjẹ yẹn.

Ohun tí mo bá wá kò ju ìyẹn lọ. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi náwó, tí wọ́n fi bọ́ ọ, tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Kò sí ẹnì kankan tó bá a wọlé lọ wò ó bóyá tábìlì ga jù, bóyá pátákó tí wọ́n fi sọdá gọ́tà gba ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orúkọ díẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sọ pé abirùn. Aláàbọ̀ ara ló pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi ọ̀pá rìn bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbọ̀ ara mi tó kù, ibo lẹ rò pé mo gbé e sí?" Láti ọjọ́ náà, àkàndá ẹ̀dá ni mò ń lò. Òun rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. Ó ní akáńtáǹtì lòun.

Mélòó ni wọ́n? Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn bílíọ̀nù 1.3 ló wà láyé tí wọ́n ní ìpèníjà ara tó nípọn, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ètò ìkànìyàn tiwa ti ọdún 2006 ka mílíọ̀nù 3 ó lé díẹ̀, kò tó ìdá 3 nínú 100 gbogbo wa. Yálà kí ara ọmọ Nàìjíríà le ju ti gbogbo ayé lọ, tàbí kó jẹ́ pé nígbà tí akànìyàn kanlẹ̀kùn, ẹnì kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí bàbá ilé kò dárúkọ. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó jẹ́.

Ó yá, òfin. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́dún 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú lọ́dún 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2011, ìyẹn ló bí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá l'Ékòó, tí wọ́n ń pè ní LASODA. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀. Òfin yẹn ní ehín. Iléeṣẹ́ tó bá kọ ènìyàn nítorí ìpèníjà ara yóò san ó kéré tán ₦500,000 fún ẹni tó kọ̀, ọ̀gá tó lọ́wọ́ sí i yóò sì san ₦50,000 tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní báyìí tí owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000, owó oṣù méje ni ₦500,000 jẹ́. Kò kéré lápò mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ńlá lè san án láìjí lójú oorun.

Apá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí: kí ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ẹ lọ kà á dáadáa. Wọ́n fi gbólóhùn kékeré kan há a láàárín: "níwọ̀n bó bá ti lè ṣeé ṣe tó." Ihò tí gbólóhùn yẹn dá sí ara òfin, erin lè gba ibẹ̀ kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìdá 5 náà dè. Òfin kan náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 yẹn pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Tí ẹ bá ń jáde lọ lónìí, ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà níwájú gbọ̀ngàn yìí.

Síbẹ̀, n kò rò pé òfin ni ìṣòro wa tó tóbi jù. Ìṣòro wa ni bí a ṣe lóye ìrànwọ́. Lójú tiwa, ẹni tó bá ní ìpèníjà, sàráà ló tọ́ sí i. Tí a bá ti lajú díẹ̀, a ó kọ́ ọ níṣẹ́ kan, iṣẹ́ kan náà fún gbogbo wọn. Hun agbọ̀n. Se ọṣẹ. Nígbà kan rí, tí ẹ bá wọ ọ́fíìsì ìjọba ńlá, afọ́jú lẹ máa bá nídìí tẹlifóònù. Ọkùnrin kan wà tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn, ohùn kì í ṣì í mọ̀. Ìgbà kejì tí mo pè, kí n tó sọ tẹnu mi ló ti dárúkọ mi. GSM wá dé lọ́dún 2001. Kò pẹ́ tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan fi ní fóònù lápò. Wọn kò lé ọkùnrin náà o. Ó ń gbowó oṣù, ó ń jókòó ti ẹ̀rọ tí kò dún mọ́, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2006 ni Michael Curran, afọ́jú ará Australia, ti bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò kan tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lọ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan níwájú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ti gba ọ̀nà yìí rí. Lọ́dún 1944, nígbà tí ogun ń dá àwọn ọmọ ogun tó fara pa padà wálé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 sókè gbọ́dọ̀ fi ìdá 3 nínú 100 sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n tiẹ̀ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún wọn: ẹni tó ń darí ẹ̀rọ agbéniròkè, àti ẹni tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. (Ẹ rántí ọkùnrin onítẹlifóònù mi.) Òfin náà wà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, iye agbanisíṣẹ́ tí wọ́n wọ́ lọ sílé ẹjọ́ kò sì ju ìka ọwọ́ méjèèjì lọ kí òfin ọdún 1995 tó gba ipò rẹ̀.

Wọ́n tún dá Remploy sílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ́ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá nìkan. Nígbà tí Liz Sayce yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fún ìjọba lọ́dún 2011, ó rí i pé òṣìṣẹ́ kan ní Remploy ń ná ìjọba ní nǹkan bí £25,000 lọ́dún. Ètò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Access to Work. Àwọn ará wa tó wà ní Peckham, ní London, lè ti gbọ́ ọ rí. Ibi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń ṣe ni ètò yìí ń bá èèyàn lọ: ó ń sanwó ògbufọ̀ fún adití, ó ń san owó takisí fún ẹni tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì, ó ń ra àga tó bá ẹ̀yìn rẹ mu. Nígbà tí Sayce ṣe àyẹ̀wò yẹn, iye tó ń ná lórí ènìyàn kan kò tó £3,000 lọ́dún.

Wọ́n wá ti àwọn iléeṣẹ́ Remploy pa, èyí tó gbẹ̀yìn lọ́dún 2013. Níbí ni n kò ti bá wọn pa tẹ́wọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan kí wọ́n tó rí i dájú pé èkejì ṣí tán. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wọ́de, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ríṣẹ́ mìíràn bọ̀rọ̀. Títí di òní olónìí, àwọn tó ń béèrè fún Access to Work ń dúró fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ èsì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́la pé kí wọ́n ti ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú wa pa torí ohun tí mo sọ yìí, ẹ bá mi sọ fún un pé n kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ká yí ètò náà padà. Ní Amẹ́ríkà, láti ìpínlẹ̀ New Hampshire, Deborah Becker àti Robert Drake bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan fún àwọn tí àárẹ̀ ọpọlọ ń dà láàmú. Kàkà kí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ títí wọn yóò fi "ṣe tán," wọ́n bi wọ́n léèrè irú iṣẹ́ tó wù wọ́n, wọ́n wá a fún wọn kíákíá, alátìlẹ́yìn sì ń bá wọn lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọṣẹ́. Ìwádìí lẹ́yìn ìwádìí fi hàn pé àwọn tí wọ́n ṣe báyìí fún ríṣẹ́ gidi ju àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tì mọ́ inú kíláàsì lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín pa mí. Ṣé kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́ tiwa nìyí? Ta ló máa ń kọ́ mẹkáníìkì lórí bọ́ọ̀dù fọ́dún mẹ́ta kó tó rí ẹ́ńjìnnì? Ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọmọ iṣẹ́ ń lọ lọ́jọ́ kìíní, ìdí iṣẹ́ ló ti ń kọ́ ọ, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló ti ń gba fíríìdọ̀mù. Àkàndá ẹ̀dá nìkan la yọ kúrò nínú ètò tó dára jù tí a ní, a wá kọ́ ọgbà yí wọn ká.

Àti ní Aro, l'Abẹ́òkúta! Lọ́dún 1954, Dókítà Adeoye Lambo kò dúró kí ilé ìwòsàn náà parí. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, wọ́n gba àwọn aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí wọn sílé, wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń roko, dókítà sì ń tọ́jú wọn. Àwọn ará òkèèrè wá wò ó, wọ́n kọ ìwé lé e lórí. Àwa ti ń wá ẹni tí yóò kọ́ wa.

Kí ni iṣẹ́ alátìlẹ́yìn yìí gan-an? Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin adití kan gba oyè yunifásítì, ó kọ ìwé sí iléeṣẹ́ kan, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé adití lòun. Wọ́n pè é lórí fóònù. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pè é. Nígbà tí kò gbé e, wọ́n kọ sínú fáìlì pé kò nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbọ́. Mo lọ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Wọ́n fi ránṣẹ́, ó wá, mo mú ògbufọ̀ lọ, wọ́n gbà á. Ní oṣù kìíní, ìgbà mẹ́rin ni mo lọ. Mo kọ́ ẹni tó jókòó tì í ní àmì bí ogún: "dúró," "ó ti tán," "ọ̀gá ń pè ọ́," "oúnjẹ." Ní oṣù kẹta, wọn kò nílò mi mọ́, wọ́n ti ń ṣàwàdà pẹ̀lú ọwọ́, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìyẹn ló yẹ kí ìjọba máa sanwó fún. Lónìí, iye ènìyàn tí ibùdó bá kọ́ níṣẹ́ la fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní iye tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dán irú rẹ̀ wò láti ọdún 2011, àwọn tó gba kọ́ńtíráàtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tí iṣẹ́ wọn rọrùn láti rí, wọ́n pa àwọn tó kù tì. Owó tí a ó san lórí afọ́jú tó tún jẹ́ adití gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tó ń tiro díẹ̀ lọ dáadáa.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí. Ìyá kan bèèrè ibi tí owó yóò ti wá. Mo ní owó wà nílẹ̀, lórí fọ́tò àti máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní òun kò ní ẹ̀kọ́ láti ṣe alátìlẹ́yìn; mo ní ọkùnrin tó tún máṣíìnì ṣe náà kò ní.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ló bèèrè ẹ̀kẹta, ó sì ti ń rọ́ ọ mọ́nú tipẹ́, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá gbà á síṣẹ́, tó wá jẹ́ ọ̀lẹ ńkọ́? Mi ò ní lè lé e, wọ́n á ní torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni." Mo ní kó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kó fún un ní ìwé ìkìlọ̀ bó ṣe ń fún àwọn yòókù, tí kò bá yí padà, kó lé e. Ọkùnrin kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní ìlà iwájú ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.