Olúwa, Ìbá Ṣe Pé O Ti Wà Níhìn-ín

Bíbélì kíkà: Jòhánù 11:17-36

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn abánidárò ti lọ tán, tí wọ́n ti tú kánópì, tí ilé wá dákẹ́.

"Bí ẹkún pẹ́ di alẹ́ kan, ṣùgbọ́n ayọ̀ ń bọ̀ ní òwúrọ̀." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú mọ̀ pé òwúrọ̀ gan-an ló máa ń le jù. Lẹ́yìn tí màmá mi lọ, ó ju oṣù mẹ́ta tí mo fi ń jí tí ọwọ́ mi ń lọ sórí nọ́ńbà wọn kí n tó rántí. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́. Àfi bí ó ṣe ń dún nínú dúrọ́ọ̀ yàrá kejì. Àbúrò mi ló ti ń ṣájì fóònù náà, kò sọ fún ẹnì kankan.

Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì kí Jésù tó dé Bẹ́tánì. Bẹ́ẹ̀ Màtá àti Màríà, àwọn arábìnrin Lásárù, ti ránṣẹ́ sí Jésù pé ara rẹ̀ kò yá, ó sì tún fi ọjọ́ méjì jókòó síbi tó wà. Màtá jáde lọ pàdé rẹ̀: "Olúwa, ìbá ṣe pé ìwọ ti wà níhìn-ín, arákùnrin mi kì bá kú." Nígbà tí Màríà náà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jọ pé ohun tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ nínú ilé nìyẹn. Ẹ̀sùn ni, ẹ má jẹ́ ká fi bò.

Jésù kò bínú. Ó bá Màtá sọ̀rọ̀: "Èmi ni àjíǹde àti ìyè." Ní ti Màríà, ó béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ Lásárù sí, ó sì sọkún. Ẹsẹ kúkúrú tí a máa ń sáré kà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tí a kò bá kọ́ àkọ́sórí nìyẹn! Ó mọ̀ pé láìpẹ́ òun máa pe Lásárù jáde, síbẹ̀ ó sọkún.

Àwa ló ń sọ fún opó pé "ó tó, ṣebí onígbàgbọ́ ni yín." Àwa ló ń sáré sọ pé "Olúwa ló fún ni, Olúwa ló gbà lọ." Jóòbù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nípa àwọn ọmọ rẹ̀ tó kú, kì í ṣe àlejò ló sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ méje gbáko làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bá a jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ lè gbà lónìí bíi Màtá, ẹ gbá ìlérí àjíǹde mú. Bó bá jẹ́ ẹkún, ẹ sun ún lẹ́sẹ̀ Jésù.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Ọkọ opó, Baba aláìníbaba, a gbé ẹ̀sùn wa wá bó ṣe rí. Má ta wá nù nítorí rẹ̀.

Ẹni tó ṣì ń bu oúnjẹ èèyàn méjì láìmọ̀ láàárọ̀ yìí, Olúwa, jókòó tì í. Pèsè owó ilé ìwé fún ọmọ tí olùtọ́jú rẹ̀ ti lọ. Àwa tí a máa lọ kí ọlọ́fọ̀ lónìí, fi ìjánu sí wa lẹ́nu, kí o sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa tún padà débẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ohùn tó pe Lásárù, jẹ́ kó pe àwọn èèyàn wa lórúkọ ní ọjọ́ ìkẹyìn, kó sì bá àwa náà nínú rẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.