Ràkúnmí Ogun Lójú James McBey

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti dé ọjà màlúù rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni màlúù kọ́kọ́ máa ń nà tó bá ń dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ràkúnmí, àmọ́ tirẹ̀ le jù: ẹni tó gùn ún á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ dojú bolẹ̀, kó tó tún ta sẹ́yìn. Ẹranko tí kì í dúró soojú kan rèé. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ yára, kó sì mọ ìlà tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Ọmọ Sìkọ́tíláàndì ni James McBey, ọmọ ọdún 15 ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Inú ìwé ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín àwòrán sára bàbà pẹlẹbẹ; ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún aṣọ nínú ilé ló fi tẹ àkọ́kọ́ jáde. Ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Íjíbítì láti máa yàwòrán ogun. Ó bá àwọn sójà Ọsirélíà tó ń gun ràkúnmí wọ aṣálẹ̀ Sínáì.

Àwọn sójà yìí kì í jà lórí ràkúnmí. Wọ́n á gùn ún débi ìjà, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ jà. Ìbọn, omi, oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún, títí kan ọkà bàbà tí ẹranko náà fúnra rẹ̀ máa jẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Òun náà ló ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ sì rántí pé ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ràkúnmí ń gbé pọ̀, nítorí náà ṣe ló ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún. Ẹ fojú inú wo ẹni tí egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìròyìn ogun á sọ ìlú tí wọ́n gbà fún wa. Ìlà pẹ́ńsù ló ń fi ọrùn tó gùn gbọọrọ àti ẹrù tó so mọ́ ìhà hàn wá. Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ McBey nìyẹn.

Nígbà tí McBey padà délé, ní 1919, ó fín *Dawn: Camel Patrol Setting Out* láti inú ohun tó ti yà lọ́hùn-ún. Ọ̀wọ́ ràkúnmí ń jáde lọ ní ìdájí. Ibi tó pọ̀ nínú bébà náà ni kò fọwọ́ kàn rárá, òfìfo yẹn gan-an ló di yanrìn.

Ní 1918, wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń gun ràkúnmí náà ká, wọ́n sì fún àwọn ará Ọsirélíà ní ẹṣin. Wọ́n kó ẹgbẹ̀rún méjì ràkúnmí fún àwọn Lárúbáwá tó ń bá Tọ́kì jà, ogun sì ń bá wọn lọ. Ère sójà kan lórí ràkúnmí wà létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1921. Orúkọ àwọn ọmọ ogun tó kú ni wọ́n kọ sí i lára.