Ìrun ti parí, mọ́tò ò rọ́nà jáde

Àsàlámù àlékùmù wàráhímátúláì wàbàràkátù. Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará mi lọ́kùnrin lóbìnrin.

Wáàsí tòní, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Lèmọ́ọ̀mù sálámà tán, mo jókòó ṣe àsíkíri mi: Subhānallāhi 33, Alhamdulillāhi 33, Allāhu Akbar 34. Mo ṣe àdúà, mo fọwọ́ pajú, ara mi fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Kí n tó dé ìdí mọ́tò, ó ti tán. Ẹnìkan ti gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dí mi pa, kò sì fi nọ́ńbà fóònù kankan sílẹ̀. Oòrùn ń jó mi lórí, ẹnìkan sì ń dúró dè mí. Ni mo bá figbe ta. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lójú ìyá mi, ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́hun ni mo ti sọ ọ́. Àfi bí onímọ́tò ṣe yọ: bàbá arúgbó kan, wọ́n ń tiro bọ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná láìwọ bàtà. Ẹnìkan ti wọ bàtà wọn lọ. (Bàtà jíjí ní mọ́ṣáláṣí, wáàsí ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Àlàájì, mo ti dá yín dúró." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí mi.

Nínú àwa méjèèjì, ta ni ìrun ọjọ́ yẹn wọ̀ lára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dáhùn.

Ọlọ́hun sọ nínú Súúrátù Ra'd, ẹsẹ 28, pé ìrántí Òun ni ọkàn fi ń balẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n agolo tó bá ti lu ńkọ́? Ẹ̀yin ẹ máa pọnmi sí i. Ẹnu mi nibi tí tèmi ti lu.

Ẹ wá wo Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Lárúbáwá ará oko kan wọ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní Mẹ̀dínà, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Nínú mọ́ṣáláṣí! Àwọn sàábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ti gbaná jẹ. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó tọ̀ ọ́ tán. Ó ní kí wọ́n da garawa omi kan sórí ibẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún ọkùnrin náà pé ìrántí Ọlọ́hun, ìrun kíkí àti Kùránì kíké ni ilé yìí wà fún. Ó wá sọ fún àwọn sàábé pé láti mú nǹkan rọrùn ni a ṣe gbé wọn dìde, kì í ṣe láti ni èèyàn lára. Ẹ rò ó wò: ká ní wọ́n lé e ni, ìtọ̀ ì bá ta sí aṣọ rẹ̀, ì bá ta káàkiri ilẹ̀. Garawa kan ṣoṣo ló parí ẹ̀.

Àwa ńkọ́? Fóònù ẹnìkan ké lórí ìrun, orin fújì gbòde. Ká tó sálámà tán, ojú ogún ti wà lára rẹ̀. Ọmọ ké, a ní kí ìyá rẹ̀ jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ Ànábì, tó bá gbọ́ ẹkún ọmọ lórí ìrun, ṣe ló máa ń gé ìrun náà kúrú kí ọkàn ìyá ọmọ má baà dàrú.

Oríkèé 360 ló wà lára ọmọ Ádámọ̀ gẹ́gẹ́ bí háàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, ojoojúmọ́ la sì ń jẹ wọ́n ní sàdákà. Ọ̀rọ̀ dáadáa wà nínú rẹ̀, bíbá èèyàn gbẹ́rù sórí ohun tó ń gùn wà nínú rẹ̀, kíkó ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò lọ́nà náà wà nínú rẹ̀. Mọ́tò tó dí ọ̀nà ńkọ́? Tèmi náà ti dí ẹlòmíì rí.

Bí inú bá sì ń bí wa lórí ìdúró, Ànábì ní ká jókòó. Bí kò bá lọ, ká dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, èmi dúró gbọn-in ni.

Mo ti ra sálúbàtà kan, ó wà nínú bùùtù. Bí ẹ bá rí bàbá kan tó ga, onírùngbọ̀n funfun, lẹ́yìn Jímọ̀ òní, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá.