Ẹ yẹ sìgá ewé wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láṣọ

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi! Kábà nìyí. Ọyẹ́ ń jà, ewé tábà sì ti gbẹ wàràwàrà. Aṣọ tútù ni mo fi bò ó láti àná, torí ewé gbígbẹ á fọ́ lọ́wọ́ ẹni, èérún rẹ̀ á sì dí ọ̀nà èéfín.

Inú sìgá la ó kọ́kọ́ ṣe. Mo ti fa igi àárín ewé yọ. N ò lọ́ wọn pọ̀ bí okùn o, ibẹ̀ ni dídí ti ń wá. Mo ń ṣẹ́ wọn léraléra bíi gèlè, kí afẹ́fẹ́ ríbi gbà. Èyí tó nípọn jù wà láàárín, torí kì í tètè jó. Mo wá fi ewé ìdè dì í.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìdí dé orí. Ẹ wo ibí: ó le bí èkùrọ́. Ẹ tú u nísinsìnyí.

Ó wọnú pákó oníhò, mo fún un mọ́lẹ̀. Tó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo yí i padà, kí ojú pákó má baà fa ìlà sí i lára.

Ní Kúbà, ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń fà á wò kí ewé òde, ìyẹn aṣọ sìgá, tó kàn án. Tèmi rèé: rọ́bà tó mọ́ gaara, mo tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, mo kàn án mọ́ pákó, mo bu sóbò sí i kí ojú lè rí i. Ẹ̀rọ kékeré ń fa afẹ́fẹ́ gba inú sìgá; bí sìgá bá ṣe dí tó ni sóbò á ṣe gòkè tó. Ìlà méjì tó wà lára rọ́bà yìí, lára àwọn tí mo fi ẹnu ara mi mu tó fà dáadáa ni mo ti wọ̀n wọ́n.

Ó yá. Sóbò gòkè, ó dúró láàárín ìlà méjèèjì. Ó dáa. Òmíràn... háà, ó fò kọjá ìlà òkè! Ó dí. Mo tú ewé ìdè, mo yọ ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo tún un dì. Èyí tí kò bá dé ìlà ìsàlẹ̀, ẹ fi ààbọ̀ ewé kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó kíákíá, á sì ta ahọ́n.

Lọ́dún tó kọjá mo kánjú, mo wọ ogún láṣọ láìyẹ̀ wọ́n wò, fún ìṣílé kan ní Ìyàrà. Bàbá olóyè kan fà á títí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wọnú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé sìgá lèyí ni àbí fèrè?” Ewé òde ló wọ́n jù, bẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ tú u, yíya ló máa ya.

Ó ku méje... Ẹ wò ó, wọ́n ti mú iná lọ. Kò burú, ẹnu la ó fi fa ìyókù láìtanná sí i. Kó ṣe bí ẹni ń fi sítírọ́ọ̀ mu kúnú: kó fà, ṣùgbọ́n kó dá ẹnu dúró díẹ̀.